Àga Tó Ṣófo Nínú Bàálù Yola

Nígbà tí Afeezat wá sọ ìtàn yìí fún wa, a bi í ní ohun tí a máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wá tú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wa: ṣé kí a yí orúkọ rẹ̀ padà? Ó mi orí. Ó ní orúkọ òun gan-an ni kí a kọ, kí gbogbo ará Ìjẹ̀bú-Igbó tó bá ka ìwé yìí mọ̀ pé òun ni. Ó ní ẹni tójú ti tó báyìí kò tún ní nǹkan kan tó ń fi pamọ́ mọ́.

Torí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má wulẹ̀ máa méfò. Afeezat ọmọ Fàsásì ni, ará Òkè-Àgbò. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Àgọ́-Ìwòyè, lójú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbà kọjá. Wọ́n ń tẹ ìwé níbẹ̀, wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò níbẹ̀, bí èèyàn bá sì fẹ́ wọ bàálù, Afeezat náà ni yóò bá a ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Shukurat, ló fẹ́ Ezra, ọmọ Makun-Omi. Ilé mùsùlùmí ni ilé Fàsásì, ilé Aládùúrà ni ilé Ezra. Wọ́n fẹ́ra wọn láìsí ìjà, nítorí bí a ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni Ezra ríṣẹ́ olùkọ́ sí Yola, ó sì kó ìyàwó rẹ̀ lọ.

Yola! Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Wọ́n ní a ti ní pápákọ̀ òfurufú tiwa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, a sì dúpẹ́, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni Afeezat ti ń rí bàálù Yola rà fún èèyàn. Ìkẹjà ni wọ́n ń lọ, wọn á wọ bàálù dé Àbújá, wọn á tún sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn. Èyí tó ń ti Àbújá lọ yẹn, kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń lọ, owó rẹ̀ sì ń mú kí orí èèyàn wú. Ọ̀nà ilẹ̀ wà o. Àmọ́ ta ló ń gba ọ̀nà ọlọ́jọ́ méjì láyé ìsinyìí, tí àwọn ajínigbé ń dá ọkọ̀ dúró? Àfi ẹni tí kò bá rí bàálù wọ̀.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí Shukurat bí àkọ́bí, Òjòwò níbí ni wọ́n ṣì ń gbé. Màmá Zipporah, ìyá Ezra, ló kọ́kọ́ dé. Ó kó àwọn ará ìjọ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n fi omi àdúrà wẹ ọmọ, wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì sọ ọmọ ní Pẹ̀lúmi. Ìyá Afeezat, Nimotalahi, náà ti mú orúkọ kan dání láti ilé. Zulaikha ni, orúkọ ìyá tó bí i lọ́mọ. Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí títí wọ́n fi jẹun tán, ó sì gbé orúkọ rẹ̀ padà sílé.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Lọ́nà ilé, ó kàn sọ fún Afeezat pé, "Àwọn ló lọma. Kò burú."

Ṣùgbọ́n Afeezat rí i bó ṣe ń fi etí ìborùn nu ojú. Ó wọ̀ ọ́ lára, kò sì kúrò níbẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni, bí ẹ bá máa bú u lónìí, ẹ kọ́kọ́ fún un ní ìyẹn.

Ìgbà tí oyún kejì ti wọ oṣù ìbí ni Màmá Zipporah wọkọ̀ láti Makun-Omi wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Àgọ́-Ìwòyè. Aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ ló wọ̀, kò wọ bàtà, ó sì há ẹní tuntun kan mọ́ abíyá. Ẹní híhun ni iṣẹ́ rẹ̀, òun ló fi tọ́ Ezra títí ó fi kàwé gboyè.

"Ọma mi, o kú usẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ wá jókòó síbí."

"Bàálù ni mo fẹ́ wọ̀. Mi ò wọ̀ ọ́ rí o. Ọkọ̀ ojú omi lèmi mọ̀. Àmọ́ wọ́n ní ìwọ lo mọ gbogbo ọ̀nà ẹ̀." Ó tú owó tó dì sétí aṣọ. "Eghó rèé. Gbogbo ẹní tó wà nulé ni mo tà tán, ó ku ẹyọ kan yìí. Ti ọma ni. Mo hun irú ẹ̀ fún Ezra, orí ẹ̀ la ti wẹ̀ ẹ́. Ṣé wọn á jẹ́ kí n gbé e wọ bàálù?"

Afeezat rẹ́rìn-ín. "Wọn á jẹ́ kí ẹ gbé e, Màmá. Àmọ́ owó bàálù yìí mà wọ́n. Ṣé ẹ ò ní ní sùúrù kí wọ́n fi ọmọ hàn yín lórí fóònù ná?"

"Rárá o." Màmá Zipporah gbọn orí. "Nǹkan kan ń bẹ tí mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ níbi ìkómọ yẹn. Kò ṣeé rán lórí fóònù. Mo gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọma lórúkọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Títí di ìgbà yẹn, Afeezat sọ fún wa, ọkàn òun mọ́. Àmọ́ bó ṣe gbọ́ "kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ," ojú ẹsẹ̀ ló tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní Òjòwò. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ẹ̀ẹ̀kan sí i? Wọ́n tún fẹ́ lọ wẹ èyí náà lómi àdúrà, kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ìjọ, kí ìyá mi tún jókòó sẹ́nu ọ̀nà?

Ó ti tan kọ̀ǹpútà. Àwòrán àga inú bàálù ti hàn lójú rẹ̀, onígun mẹ́rin kéékèèké lórí ìlà. Èyí tó dúdú ti lólówó, èyí tó funfun kò tíì rí ẹni rà á. Èyí tó funfun pọ̀ ju dúdú lọ.

"Ó ti kún, Màmá," ni Afeezat wí.

Ó ní ohùn òun ya òun fúnra òun lẹ́nu, nítorí kò gbọ̀n rárá.

"Kí ló kún?"

"Bàálù ọ̀hún. Wọ́n ti ra gbogbo àga ẹ̀ tán."

Màmá Zipporah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò mọ̀wé, ojú rẹ̀ ló fi ń wò. "Àwọn tó funfun wọ̀nyí ńkọ́?"

"Ti àwọn èèyàn ńlá nìyẹn, Màmá. Wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ dè wọ́n."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ọjọ́ mìíràn ńkọ́?"

"Ó kún títí wọ oṣù tó ń bọ̀."

Irọ́ ò ṣeé pa ní ẹyọ kan, ẹ ṣáà mọ̀. Bó bá ti bọ́ lẹ́nu, yóò ní kí o wá ọmọ ìyá òun wá.

Ìyá arúgbó náà kó owó rẹ̀ sétí aṣọ padà, ó dì í. "Kò burú," ló wí. "Ọ̀nà kan ò wọjà." Ó gbé ọwọ́ lé Afeezat lórí. "Olúwa á bá ẹ ṣe é o, ọma mi, bí o ṣe bá mi wò ó yìí. O ò ní wá nǹkan tì."

Afeezat sì ṣe àmín. Ẹ gbọ́ mi? Ó ṣe àmín!

Ó ní nígbà tí ìyá náà jáde tán, ohun tí òun fi tu ara òun nínú ni pé òun kò kúkú gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa náà bi í pé, ṣé owó nìkan ni wọ́n ń jí ni?

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti ra àlọ àti àbọ̀ fún ìyá tirẹ̀. Owó tó ti ń tọ́jú láti fi ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun ló fi rà á. Ó sáré lọ sí Òkè-Àgbò lọ sọ fún un.

Nimotalahi pariwo, ó gbọ́wọ́ lé àyà. "Èmi! Nínú bàálù! Lọ sí Yola!" Lẹ́yìn náà ó bi í léèrè, bí àgbà ṣe ń béèrè, "Ìyá Ezra ńkọ́? Ṣé a jọ ń lọ ni?"

"Wọ́n ní àwọn á lọ lẹ́yìn ìkómọ, Màámi. Wọ́n ní kí ẹ̀yin máa ṣíwájú."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?" Ojú ìyá náà tàn. "Ẹ ò rí i pé èèyàn dáadáa ni. Èmi mà rò pé wọn ò ka èèyàn sí ni."

Afeezat gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní Ìkẹjà, wọ́n gba àpò Nimotalahi kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ń ka àdúrà wúyẹ́wúyẹ́, ó ń bojú wẹ̀yìn wo ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ìpè wọlé láti Yola: "Afeezat! Mo rí àwọsánmà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi! Mo ní Subhanallah!" Ọjọ́ tó dé gan-an ni Shukurat bímọ, obìnrin, òun ni ó sì kọ́kọ́ gbé ọmọ náà wẹ̀. Inú Afeezat dùn. Kò parọ́ ìyẹn fún wa. Ó ní inú òun dùn débi pé òun gbàgbé ìyá tó wà létí omi.

Ìyá tó wà létí omi kò gbàgbé tirẹ̀. Ó pè.

"Ọma mi, wọ́n ní Shukurat ti bí. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó bóyá ẹnì kan ti ní òun ò lọ mọ́, kí n bọ́ sípò ẹ̀."

"Kò tíì sí, Màmá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán ni."

Kò tilẹ̀ tan kọ̀ǹpútà.

Ó tún pè lọ́jọ́ kejì, Afeezat tún fún un ní èsì kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn kò pè mọ́. Afeezat rò pé ó ti gba kámú.

Àfi bí Ezra ṣe pè é láti Yola.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀dọ̀ yín ni mọ́mì mi wà?"

"Rárá o. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mercy àbúrò mi ló pè mí. Ó ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti kúrò ní Makun. Wọ́n ní kó má sọ fún mi, kí n má bàa dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀nà ilẹ̀ ni wọ́n gbà, Àǹtí. Mo ń pe fóònù wọn, kò lọ."

"Ọ̀nà ilẹ̀? Lọ sí Yola?"

"Wọ́n ní bàálù ti kún." Ezra mí kanlẹ̀. "Àǹtí Afeezat, ṣé ó kún lóòótọ́? Kò sí bí ẹ ṣe lè bá wọn wá àyè kan ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí fún un nìyí. Bó bá sọ ọ́ níbẹ̀, fún ẹnì kan ṣoṣo, lórí fóònù, bóyá kò ní burú tó bó ṣe burú. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé:

"Ó kún, Ezra."

Ní ọjọ́ kejì Afeezat gbọ́ lórí rédíò pé àwọn agbébọn dá ọkọ̀ èrò dúró lọ́nà òkè Ọya ọ̀hún, wọ́n kó èèyàn wọ igbó. Kí ni orúkọ wọn? Wọn ò sọ. Ṣé ìyá arúgbó kan wà nínú wọn, aláṣọ funfun? Wọn ò sọ. Ó dúró lórí ìrun, ó forí kanlẹ̀, ó fẹ́ bẹ Ọlọ́run kó dáàbò bo Màmá Zipporah, ọkàn rẹ̀ sì bi í pé: lọ́wọ́ ta? Ta ló rán an lọ sọ́nà yẹn? Ó dìde láì parí àdúrà.

Ó tan kọ̀ǹpútà. Ó tún wo àga bàálù Yola, bí ẹni tí ń fọwọ́ kan ojú egbò. Àwọn funfun yẹn ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, ẹni tó yẹ kó jókòó síbẹ̀ ti wà lójú títì.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Ezra fẹ́ kí wọ́n sún un síwájú, àwọn àgbà Yorùbá tó wà ní Yola ní ọjọ́ kẹjọ ò ṣeé fò, kí wọ́n fi ti ìyá sínú àdúrà. Shukurat gbé fóònù rẹ̀ dúró ti ife kan lórí tábìlì, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé lè máa rí gbogbo rẹ̀. Afeezat wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de ìwé wọn. Ó gbé fóònù tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń wò. Ìyá rẹ̀ gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó jókòó sáàárín gbọ̀ngàn, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà mọ́. Ohun tí Afeezat fẹ́ gan-an nìyẹn. Kò wá fún un láyọ̀ kankan.

Àáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí àdúrà ni ẹnì kan ti ilẹ̀kùn.

Màmá Zipporah ni! Aṣọ funfun rẹ̀ ti pọ́n fún eruku, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ẹní sì wà ní abíyá rẹ̀ níbẹ̀. Ezra ké, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ní Àgọ́-Ìwòyè, Afeezat pariwo "Alhamdulillah!" tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi dìde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé ó ti tán. Ó rò pé Ọlọ́run ti bá òun bò ó.

Wọ́n fún ìyá náà lómi. "Ọkọ̀ gha dẹnu kọlẹ̀," ló wí. "Inú ọgbà ilé ìwé kan la sùn. Nígbà tí a tún gbéra, ọkọ̀ tó wà níwájú gha ni àwọn agbébọn kó. Ojú gha ló ṣe. Dírẹ́bà tiwa fi ẹ̀yìn rìn bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú, òun ni mo fi wà láyé. Fóònù mi já bọ́ níbẹ̀."

"Mọ́mì, kí ló dé?" Ezra bi í. "Kí ló dé tí ẹ ò dúró de bàálù?"

"Ó kún, ọma mi. Afeezat bá mi wò ó. Ó ti kún wọ oṣù tó ń bọ̀."

Nimotalahi gbójú sókè lórí ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Obìnrin tí kò mọ nǹkan kan ni, tí ayọ̀ bàálù àkọ́wọ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

"Bàálù wo ló kún?" ló wí. "Èyí tí mo wọ̀ wá ni? Ó mà ṣófo! Àga méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sẹ́nì kan. Mo gbé báàgì mi lé ọ̀kan, mo tẹ́ ìborùn sórí èkejì. Mo tiẹ̀ ń rò ó pé ì bá dáa kí ìyá Ezra jókòó síbẹ̀, kí n rí ọwọ́ wọn dì mú nígbà tó ń gbéra..."

Ojú rẹ̀ ń lọ láti ara ẹsẹ̀ wíwú sára aṣọ eruku.

"Afeezat ní ẹ ní ẹ̀yin á wá lẹ́yìn ìkómọ," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Èmi?" ni Màmá Zipporah wí.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí orí tábìlì, síbi tí ojú Afeezat wà nínú fóònù, pẹ̀lú omijé ayọ̀ tí kò tíì gbẹ. Ezra wò ó. Shukurat wò ó. Àáfà tí kò mọ̀ ọ́n rí pàápàá wò ó. Màmá Zipporah dìde, ó fẹsẹ̀ wọ́ dé ìdí tábìlì, ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú títí ojú rẹ̀ fi kún inú rẹ̀.

"Afeezat, ọma mi," ló wí jẹ́jẹ́. "Àwọn àga tó funfun yẹn."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Ó ń dúró kó dáhùn.

Afeezat sọ fún wa pé bó bá jẹ́ èébú ni, òun ì bá rí nǹkan fi gbèjà ara òun. Ó ní, "Hẹlóò? Màmá? Mi ò gbọ́ yín dáadáa mọ́ o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì..." Ó pa fóònù.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Àǹtí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mà dáa. Gbogbo wa la gbọ́ wọn."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu Shukurat ló ti gbọ́ ọ. Shukurat kò pè é, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i ni, kò sì kí i kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìyá ọkọ òun tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá àwọn, ó tẹ́ ẹ sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ rin ìrìn náà.

"Nígbà tí a bí Pẹ̀lúmi," ló wí, "ìyá Shukurat mú orúkọ wá. A ò bi wọ́n. Èmi ni mo fa ìyẹn, mo kó ará ìjọ dé, mo gba gbogbo ulé mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn ló ti ń dùn mí. Mo ní wọn ò ní sọ èyí lórúkọ kí n tó dé, kí wọ́n má bàa tún fi orúkọ tèmi ṣíwájú. Èmi ò mú orúkọ kankan wá. Orúkọ tí wọ́n gbé wá nígbà yẹn la ó pè é. Zulaikha ni."

Shukurat ní ìyá àwọn bú sẹ́kún, kì í sì í ṣe ẹkún ayọ̀. Ó ní ó na gbalaja sílẹ̀ níwájú ìyá Ezra, ó ń wí pé, "Ẹ forí jì mí, èmi ni mo bí i."

Afeezat gbọ́ ìyẹn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó sá pa mọ́ sí. Ó ní òun fẹ́ kí ilẹ̀ là kí òun kó sínú rẹ̀. Ohun tó rò pé ìyá náà fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìyá òun, òun gan-an ni ìyá náà ń gbé bọ̀ wá fún un. Bó bá fún un ní ọ̀kan nínú àga funfun yẹn, àwọn ìyá méjèèjì ì bá jókòó pọ̀, wọn ì bá di ara wọn lọ́wọ́ mú lójú òfurufú, ọ̀rọ̀ Òjòwò ì bá sì parí kí bàálù tó balẹ̀.

Ó lọ yá owó. Ó ra àga àbọ̀ fún Màmá Zipporah, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀ gan-an, ó fi ránṣẹ́ sí Shukurat. Ó ní bóyá ìyẹn á tu wọ́n nínú.

Nimotalahi ló kọ̀.

"Mi ò tún jókòó sórí àga yẹn mọ́," ni wọ́n ní ó wí. "Ìyá Ezra, ẹ wọ bàálù, ẹ̀yin lẹ ti jìyà. Èmi á gba ilẹ̀."

Ezra bẹ̀ ẹ́. Shukurat sunkún fún un. Àáfà wá bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n má yọ òun lẹ́nu, òun fẹ́ mọ ohun tí ọmọ òun ṣe. Nígbà tí Màmá Zipporah rí i pé kò ní gbọ́, òun náà fi bàálù sílẹ̀. "Mi ò lè jẹ́ kí ẹ dá gba ibẹ̀," ló wí. "Èmi ti mọ ọ̀nà náà."

Ní ọjọ́ tí bàálù yẹn gbéra, Afeezat jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń wo àga méjì tó ti sanwó rẹ̀, tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Ìyá tirẹ̀ ló wá wà lójú títì báyìí. Gbogbo ẹ̀rù tó ba Ezra, ó ba òun náà. Ó ń pe fóònù ìyá rẹ̀, kò lọ. Ó ń gbọ́ rédíò. Kò sí ẹni tó lè bi pé ṣé bàálù kún ni, nítorí gbogbo ayé ti mọ̀ pé kò kún.

Wọ́n dé. Ọlọ́run ṣàánú, wọ́n dé. Ibùdókọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ti lọ dè wọ́n. Èrò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí Màmá Zipporah, lẹ́yìn náà ó rí ìyá rẹ̀, tó fara ti èjìká obìnrin náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bíi ti ìyá Ezra lọ́jọ́ ìkómọ, tó ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Ó ti dàgbà sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Afeezat kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, níwájú gbogbo ọlọ́kọ̀. Kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bẹ̀.

Màmá Zipporah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Dìde, ọma mi," ló wí. "Gba ẹrù lọ́wọ́ ìyá ẹ. Ó ti rẹ̀ wọ́n."

Afeezat na ọwọ́ sí ẹrù náà. Ìyá rẹ̀ kò fi sílẹ̀ fún un. Ó wò ó lójú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìkómọ.

"Afeezat," ló wí, "mo ti rí ọ̀nà tí o ní kí ìyá Ezra gbà."

Ó sì gbé ẹrù rẹ̀ kọjá.

Ìyẹn ti pẹ́ díẹ̀. Afeezat ṣì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún àwọn èèyàn ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ti yí tábìlì rẹ̀ padà, kọ̀ǹpútà kọjú sí oníbàárà báyìí. Bí ẹni tí kò mọ̀wé bá wá, ó máa ń fi ìka hàn án: dúdú ti lólówó, funfun kò tíì lólówó, ẹ yan èyí tó bá wù yín. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó máa ń se oúnjẹ, á gbé e lọ sí Òkè-Àgbò. Ìyá rẹ̀ máa ń dá a lóhùn bó bá kí i. Ó máa ń bi í léèrè iṣẹ́.

A bi í pé ṣé wọ́n ti dárí jì í.

"Ìyá Ezra ti dárí jì mí," ló wí. "Wọ́n ti hun ẹní fún mi pàápàá. Ìyá tèmi ni kò tíì jẹ oúnjẹ mi."